Aṣọ Funfun Méjì

Ọjọ́ kejìdínlọ́gọ́rin tí mo ti ń ṣe opó ni Absatu, ọ̀rẹ́ mi, fa ọmọ rẹ̀ Rakiya fọ́kọ. Ní Maradi níbí, opó kì í jáde títí oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá yóò fi pé. Kì í lé tìróò, kì í sì í dé ibi ìgbéyàwó. Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀. Ará ilé rẹ̀ ni yóò fi orí rù ú lọ, kí wọ́n tó fi làálì sí ìyàwó lẹ́sẹ̀. Ẹni tí kò wá, tí ẹ̀bùn rẹ̀ náà kò wá, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti pín gaàrí nìyẹn.

Nígbà tí ọmọ tèmi lọ sílé ọkọ, abọ́ tánganran márùn-ún ni Absatu gbé wá. Ìlọ́po méjì là ń dá padà. Mo ti to mẹ́wàá jọ láti ìgbà tí ọkọ mi ṣì wà láàyè, mo sì ra aṣọ gíní funfun kan tó ń dán fún Absatu fúnra rẹ̀. Mo ti sọ fún un pé ó ń bọ̀.

Hure, ìyàwó ọmọ mi tó ń pè mí ní Inna, ìyá, ló di ẹrù náà. Mo ní kó mú aṣọ funfun tó wà nínú láílọ́ọ̀nù lápá ọ̀tún àpótí. Èmi kò lè ki ọwọ́ bọ àpótí yẹn. Aṣọ ọkọ mi ló kún inú rẹ̀.

"Inna, káńfọ̀ ń rùn lára aṣọ yìí o."

"Kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́ ni. Ìwọ sá máa lọ. Bí o bá jókòó ti oúnjẹ kí o tó jíṣẹ́, màá gbọ́."

"Ẹni tó ru abọ́ mẹ́wàá, ṣé kò wá ní jẹun ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé ẹrù karí, ó lọ.

Kò pẹ́ tí tẹ̀súbáà mi já. Mo rántí pé ti ọkọ mi wà nínú àpótí. Mo ki ara mi láyà, mo ṣí i. Gíní náà wà níbẹ̀ lápá òsì, nínú láílọ́ọ̀nù tirẹ̀, ó ń dán.

Mo wá ọ̀tún, mo wá òsì, mo kó gbogbo aṣọ sílẹ̀. Èyí tí mò ń wá kò sí níbẹ̀. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, èmi àti ọkọ mi àti Absatu jọ lọ sí Mẹ́kà. Ibẹ̀ ni olúkúlùkù wa ti ra aṣọ tí wọn yóò fi sin ín, tí a fi omi sàmúsàmù fọ̀ wọ́n, tí a sì fi káńfọ̀ sí wọn. Lọ́jọ́ tí ọkọ mi kú, àwọn tó wá mú tirẹ̀ ti da àpótí náà rú, n kò sì mọ̀.

Aṣọ òkú mi ni Hure rù lọ sílé ìyàwó.

Mo mọ ohun tí wọn yóò sọ. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí opó kan ládùúgbò wa, Kande, fi ewúrẹ́ ránṣẹ́ síbi ìgbéyàwó. Ewúrẹ́ náà kú sẹ́nu ọ̀nà wọn. Nígbà tí oyún ìyàwó náà bàjẹ́, Kande ni wọ́n dárúkọ. Kò sẹ́ni tó ra fùrá jéró lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, a rí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ṣíṣí. A kò rí i mọ́ títí dòní. Ewúrẹ́ lásán sì nìyẹn.

Ilé mẹ́rin péré ló wà láàárín ilé wa àti ilé Absatu. Mò ń gbọ́ igbá tí àwọn obìnrin ń lù lórí omi. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo gbé ẹsẹ̀ kan síta. Tabawa, aládùúgbò wa, ń ṣa ẹ̀wà lábẹ́ igi dọ̀ngóyárò.

"Háà! Ìyá opó, ibo là ń lọ? Àbí a ti rí ọkọ mìíràn ni?"

"Òòrùn ni mò ń wò."

"Òkè ni òòrùn wà o. Kò sí lójú ọ̀nà."

Mo fa ẹsẹ̀ mi padà. Bí opó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ibi ìgbéyàwó láti gba aṣọ òkú, ta ni yóò tún gbọ́ àlàyé?

Nígbà náà ni igbá dákẹ́. Ohun kan ṣoṣo ló ń mú kí wọ́n dákẹ́ lójijì báyẹn: wọ́n ti ń tú ẹ̀bùn, akígbe fẹ́ dárúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́. Mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mò ń retí ariwo, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo kírun Àsárì, n kò mọ iye rákà tí mo kí. Ìgbà tí mo sálámà ni igbá tún bẹ̀rẹ̀.

Hure sáré wọlé, ó gbé abọ́ kan dání. Ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Inna, kí lẹ dì fún mi?"

"Ìwọ lo dì í. Sọ ohun tó ṣẹlẹ̀."

"Akígbe gbọn aṣọ náà kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Ìyá àgbà kan pariwo pé aṣọ òkú ni. Rakiya bú sẹ́kún. Wọ́n wá ń wò mí, Inna, gbogbo wọn ń wò mí."

"Absatu ńkọ́?"

"Ó gba aṣọ náà, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó wá rẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Ẹ̀yin obìnrin yìí, ojo ni yín! Tèmi ni. Àmánà mi ni, ohun tí mo fi síkàáwọ́ Delu ọ̀rẹ́ mi, láti Mẹ́kà ló ti ń bá mi tọ́jú rẹ̀. Ṣé kí opó máa sùn ti àmánà alámánà ni? Ẹ̀bùn ọmọ mi ni abọ́ mẹ́wàá yẹn. Ẹ lu igbá jàre!' Ó sì fi aṣọ náà bora."

"Ó fi bora?"

"Ó fi bora, ó sì jó."

Mo jókòó sílẹ̀. Aṣọ ti Absatu wà nínú àpótí tirẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo bá a ká a.

Hure ṣí abọ́ tó gbé dání. Nàkíyà, ìpápánu olóyin, ló wà nínú rẹ̀, nítorí a kì í dá abọ́ padà lófo. Ó sọ ọ́ sí mi létí. "Absatu ní kí n bi yín pé gíní òun dà. Ó ní tí ẹ bá jáde opó, kí ẹ gbé e wá, kí ẹ wá gba tiyín."

Ẹ̀rín ń pa Hure. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó tún lè dárúkọ mi bí aburú bá bá Rakiya, orí sì ti yọ mí. Ṣùgbọ́n aṣọ òkú méjì ló wà nílé Absatu báyìí, ó sì ti fi tèmi bora níṣojú gbogbo ènìyàn.

Àádọ́ta ọjọ́ ló kù kí n tó lè lọ gbà á. Láràárọ̀ ni mò ń dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn títí n ó fi gbọ́ ohùn Absatu bó ṣe ń bú àwọn ewúrẹ́ rẹ̀. Ìgbà tí mo bá gbọ́ ọ ni mo tó ń fi nǹkan sẹ́nu.