Jabez Tó Ń Jẹ́ Thomas

Apá ẹ̀wù náà kò dé ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ìyáàfin Dorothea Pelling fà á síwájú, ó fà á sẹ́yìn, aṣọ kọ̀, kò gùn sí i.

“Ká ọwọ́ rẹ kò díẹ̀, Jabez.”

“Bí mo bá ká a kò, mà, kí ni mo fẹ́ fi gbé àwo?”

“Thomas ni orúkọ rẹ títí di ìrọ̀lẹ́. Ó sì ti pé ọdún mẹ́ta tí o ti wà lọ́dọ̀ wa.”

“Ọdún mẹ́ta láàárín òwúrọ̀ kan! Ẹ ṣé, mà. N ò tilẹ̀ mọ ìgbà tó kọjá.”

Kò sí ẹni tí í bi ìránṣẹ́ tábìlì léèrè orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Ilé tó bá gbà á ló ń fún un ní èyí tó bá ẹnu wọn mu. Jabez, tí wọ́n máa ń gbà fún ọjọ́ kan tàbí méjì, ti jẹ́ orúkọ tó pọ̀ ju ẹ̀wù rẹ̀ lọ.

Àwọn àgbà ní aṣọ à-gbà-bọ̀ kì í yẹni. Ṣùgbọ́n Dorothea rò ó pé ẹni tó pa òwe yẹn kò ní ọmọbìnrin bíi Susannah tó ń wá ọkọ. Opó àlùfáà ni òun. Ọkùnrin méjì péré ni kò tíì gbéyàwó lábúlé wọn: ọ̀kan dití, èkejì fẹ́ràn ajá rẹ̀ ju ènìyàn lọ. Àfi kí Ìyáàfin Wraxall, ẹ̀gbọ́n olóògbé ọkọ rẹ̀, mú Susannah lọ lo ìgbà òtútù ní ìlú Bath, níbi tí àwọn ọmọ olówó ti ń wá ìyàwó. Ìyáàfin Wraxall sì ti kọ̀wé pé òun kì í mú ọmọ inú ilé tí kò ní ìránṣẹ́kùnrin káàkiri. Kò sí lẹ́tà rẹ̀ kan tí James, ìránṣẹ́ tirẹ̀, kì í sí nínú rẹ̀: James ṣílẹ̀kùn, James wúkọ́.

Ọ̀sán ni kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin Ìyáàfin Wraxall dé. Fìlà oníìyẹ́ ló kọ́kọ́ wọlé, òun tẹ̀lé e. Kò wo ojú ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún un. Ta ní í wo ojú ìránṣẹ́?

Wọ́n jókòó sídìí oúnjẹ. Ìyáàfin Wraxall ń ròyìn ijó Bath lọ́wọ́ nígbà tí ẹran àgùntàn dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

“James, má ṣe fi…”

“Mo ti gé ọ̀rá rẹ̀ kúrò, mà, bí ẹ ṣe máa ń fẹ́ ẹ.”



“Thomas ló ń jẹ́, Àǹtí,” ni Susannah wí, ọmọ tó gbọ́ràn sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu.

Dorothea àti ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ wo ara wọn. Bí òun bá rẹ́rìn-ín, Bath ti lọ nìyẹn. Bí ìyẹn náà bá bínú, àṣírí James tú nìyẹn.

“Ó jọ James mi ni,” ni Ìyáàfin Wraxall wí jẹ́jẹ́. “Àwọn tó ga máa ń jọra.”

“Wọ́n máa ń jọra gan-an, ẹ̀gbọ́n mi.”

Jabez gbójú sókè bí ẹni tí a kò tíì bí.

Ìyáàfin Wraxall yọ ìwé kékeré kan. “Ìyàwó wa, ìwọ àti Susannah, ẹ wá jẹun lọ́dọ̀ mi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Láti ibẹ̀ ni mo ti máa mú un lọ sí Bath.” Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ọkọ Dorothea, kò pè é rí. Ó tẹjú mọ́ àwo. “Ọjọ́ wo ni Thomas yín… kì í sí nílé?”

Dorothea wẹ̀yìn.

“Ọjọ́ Ajé, mà,” ni Jabez wí. “Ó níbi tí mo máa ń lọ.”

“Ọjọ́ Ajé dáa.”

Bí Ìyáàfin Wraxall ṣe na ọwọ́ láti kọ ọ́, Dorothea rí etí apá ẹ̀wù olówó ńlá tó wọ̀. Ó ti gbó, wọ́n sì ti fi òwú dúdú rán an wẹ́wẹ́ láti inú, gẹ́lẹ́ bí òun ṣe máa ń rán tirẹ̀. Dorothea fa àga rẹ̀ sún mọ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀.

“Thomas,” ló wí, “fi ọ̀rá kún tèmi.”