Jídà Kò Tíì Dáhùn

Agbẹ̀bí ni Ràfátù, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ ń bà á. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ta ni ì bá sọ ọ́ fún? Agbẹ̀bí tó ń sá fún ẹ̀jẹ̀, kí ló yàtọ̀ sí apẹja tó ń bẹ̀rù odò? Láti ọjọ́ tí obìnrin kan ti bímọ tán ní Ìlọrin, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dá, tó kú mọ́ Ràfátù lọ́wọ́ níṣojú dókítà, ni ọkàn rẹ̀ kò ti balẹ̀ mọ́. Gbogbo ènìyàn ló sọ fún un pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mímọ̀ tó mọ̀ ọ́n kò lé ẹ̀rù náà lọ.

Nígbà tí ẹni tó ni ilé ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, tó kó lọ sí Èkó, Ràfátù padà sọ́dọ̀ Hàmídù ọkọ rẹ̀ ní Rore, níbi tí ìyẹn ti ń ṣe tíṣà. Ayé ìjọba alágbádá ẹlẹ́ẹ̀kejì nìyẹn, tí àwọn ará Sáúdì ń wá nọ́ọ̀sì kiri ilẹ̀ wa. Ràfátù wọkọ̀ lọ sí Kàdúná, ó ṣe ìdánwò, wọ́n yẹ ara rẹ̀ wò, wọ́n ní ó yege. Wọ́n ní ilé ìwòsàn ńlá kan ní Jídà ni yóò gbà á, kí ó lọ máa retí àwọn. Ó ń retí. Òjò rọ̀ dá, ọyẹ́ dé, Jídà kò fọhùn. Nínú àwọn tí wọ́n jọ ṣe ìdánwò, ẹnì kan ti wọ bàálù. Àwọn yòókù wà nílé bíi tirẹ̀, wọ́n ń yọjú wo ọ̀nà.

Ibi tó ń retí yìí ni Bàbá Ambrose ká a mọ́. Alága ìgbìmọ̀ ìlú Àrán-Ọ̀rin ni baba yìí, katikíìsì, olùkọ́ni nínú ìjọ Àgùdà, ni pẹ̀lú.

"Ọmọ mi," ni ó wí, "a ti kọ́ ilé ìgbẹ̀bí wa tán. A ti ra bẹ́ẹ̀dì. Ilé tí o máa gbé wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìwọ la fẹ́."

"Dókítà ńkọ́, Bàbá?"

"Dókítà wà ní Ọ̀mù-Àrán."

"Èmi nìkan ni mo máa wà níbẹ̀ nígbà náà?"

"Ìwọ àti Ọlọ́run." Bàbá Ambrose rẹ́rìn-ín. Ràfátù kò lè bá a rẹ́rìn-ín. Baba ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ: "Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ la fẹ́ kéde orúkọ agbẹ̀bí wa. Bí o kò bá ní wá, obìnrin kan wà ní Ìlá tó ti gbà láti wá."

Nígbà tí baba lọ tán, Hàmídù fa àga súnmọ́ ìyàwó rẹ̀. "Ìyá Fulera, má dá wọn lóhùn. Jídà ni tìrẹ. Láti ibẹ̀ dé Mẹ́kà kò jìnnà. Wàá ṣiṣẹ́, wàá sì ṣe Hájì."

"Bí wọn ò bá pè mí ńkọ́?"

"Wọ́n á pè ọ́."

"Ta ló sọ fún yín?"

Ẹni tó bá ń lé eku méjì, ó lè pòfo. Àwọn méjèèjì mọ̀ ọ́n, wọn kò pa á lówe. Ní ti Ràfátù, Jídà jẹ́ ibi tí dókítà pọ̀ sí, tí èèyàn kàn ní láti ké, tí ẹlòmíràn yóò sáré wá gbà á. Ṣùgbọ́n Fulera ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu eyín ni. Bí ó bá lọ, ọmọ náà yóò gbàgbé ojú rẹ̀. Bí kò bá sì lọ, tí ó tún kọ Àrán-Ọ̀rin sílẹ̀, ìdúró yìí ni yóò kù ní ọwọ́ rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, ó wọ Píjò Ignatius, awakọ̀ kan tó ń ná ọ̀nà náà, lọ sí Àrán-Ọ̀rin. Ó ní òun kàn fẹ́ wo ibẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ìdí tí yóò fi kọ iṣẹ́ náà ló ń wá lọ. Ó rí i. Ilé ń rùn fún ọ̀dà, ọ̀rá tí wọ́n fi wé bẹ́ẹ̀dì ṣì wà lára rẹ̀, kọ́bọ́ọ̀dù oògùn ṣófo, kò sí abẹ́rẹ́ kan tí a lè fi dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Inú rẹ̀ dùn. Ohun tí yóò wí fún Bàbá Ambrose ti wà lẹ́nu rẹ̀.

Ìgbà náà ni ó gbọ́ igbe níta.

Àwọn obìnrin ni wọ́n gbé Rúùtù, ìyàwó àgbẹ̀ kan ní àdúgbò, wọlé. Ó ti bímọ nílé ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Ọmọ ń bẹ láàyè, ibi ti jáde, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kò dá. Wọ́n ti gbọ́ pé nọ́ọ̀sì dé.

Ràfátù fà sẹ́yìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri. "Ẹ gbé e lọ sí Ọ̀mù-Àrán!"

"Kí ó tó débẹ̀ ńkọ́?" ni ìyá ọkọ Rúùtù bi í.

Ràfátù kúrò lára ògiri. Ó ní kí wọ́n sáré pe Ignatius ní gáréèjì. Ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Ó tẹ ikùn Rúùtù, ó bá ilé ọmọ tó rọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò dì. Ó ń fi ọwọ́ ra á, ó le. Ó dẹwọ́, ó tún rọ̀, ẹ̀jẹ̀ tún tú. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ, tí kò fẹ́ ṣe mọ́ láyé, ni ó kù. Ó ki ọwọ́ kan bọ inú, ó di í ní ẹ̀ṣẹ́, ó fi èkejì tẹ ikùn láti òkè, ó sì fún ilé ọmọ náà mọ́ àárín ọwọ́ méjèèjì. Bí wọ́n ṣe gbé Rúùtù sínú mọ́tò Ignatius, òun náà bá a wọ̀ ọ́ lórí ìkúnlẹ̀, kò yọwọ́.

Ọ̀nà ń gbọ̀n wọ́n. Apá rẹ̀ ń kú. Àdúà ń já ní ẹnu rẹ̀ kí ó tó parí, ìyá ọkọ Rúùtù ń pe Jésù.

"Nọ́ọ̀sì," ni Rúùtù wí jẹ́jẹ́, "òtútù ń mú mi."

Ohun tí obìnrin Ìlọrin wí kẹ́yìn nìyẹn. Ràfátù pariwo mọ́ ọn.

"Má sùn! Kí lẹ máa sọ ọmọ náà?"

"Bọ́lánlé."

"Mi ò gbọ́. Tún un pè!"

Báyìí ni ó ń mú un pe orúkọ ọmọ náà títí wọ́n fi wọ ọgbà ilé ìwòsàn. Nígbà tí dókítà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ìka rẹ̀ kọ̀ láti ṣí. Ó lọ sẹ́yìn ilé, ó bì. Ó jókòó sórí ilẹ̀ níbẹ̀, kò lè gbéra láti lọ béèrè bóyá ó kú ni tàbí ó yè. Dókítà ló jáde wá bá a.

"Ó máa yè," ni dókítà wí. "Bí o bá yọwọ́ lójú ọ̀nà ni, ìbá ti tán."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ràfátù lọ bá Bàbá Ambrose ní iwájú ilé rẹ̀. "Bàbá, ẹ̀rù ń bà mí. Kì í ṣe díẹ̀."

Baba kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. "Ó ń ba àwa náà. Ojú ọ̀nà Ọ̀mù-Àrán yẹn ni ìyàwó mi, ìyá Caroline ọmọ mi, kú sí lórí ìrọbí. Ìdí tí mo fi ní kí a kọ́ ilé ìgbẹ̀bí yìí nìyẹn."

Ràfátù wí pé, "Ẹ ra fíríìjì tó ń lo kẹrosíìnì, kí abẹ́rẹ́ tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró má baà bàjẹ́. Tí obìnrin bá ti ń rọbí, kí mọ́tò kan wà lẹ́nu ọ̀nà. Kí ẹ fún mi ní ẹnì kan tí màá kọ́ níṣẹ́. Èmi nìkan kọ́ ni màá máa dá wà. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú ìwọ̀nyí, mò ń lọ."

"A gbà," ni baba wí.

Hàmídù bínú, ó sì bínú pẹ́. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló ru ẹrù wọn lọ sí Àrán-Ọ̀rin.

Nígbà tí iṣu tuntun jáde, wáyà dé láti Kàdúná. Jídà ti gbà á. Kí ó wá gba ìwé ìrìnnà. Hàmídù fi lé e lọ́wọ́, ó ń wo ojú rẹ̀. Ràfátù kà á, ó lọ jókòó sí ẹ̀yìn ilé, ó sunkún gidigidi. Bí dókítà mẹ́wàá ṣe ń dúró yí bẹ́ẹ̀dì kan ká ní Jídà ni ó ń rò. Lẹ́yìn náà ni ó nu ojú, ó sì ní kí ọkọ òun fi èsì ránṣẹ́ pé òun kò lè wá mọ́.

"Ó dá ọ lójú?" ni Hàmídù bi í.

"Rárá," ni ó wí. "Ẹ fi ránṣẹ́ lónìí, kí n má baà yí ọkàn padà."