Àpò Iyanrìn Lórí Àga Iwájú

Ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀. Ọkùnrin tó ti fẹ̀yìn tì, tí ojú rẹ̀ ò ríran fi okùn sínú abẹ́rẹ́ mọ́, ló jí láàárọ̀ ọjọ́ kan tó ní òun fẹ́ fa mọ́tò òun wálẹ̀. Mo ní, "Wálẹ̀ láti ibo? Ṣé orí igi ló wà ni?" Ọkọ mi ò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun fẹ́ kí wọ́n gé sípíríǹgì rẹ̀ kí ikùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan títì, kí wọ́n yọ bọ́ńpà tiwájú tẹ̀yìn, kí wọ́n fi ẹ́ńjìnnì tó lágbára sí i, kí wọ́n kùn ún ní ọ̀dà dúdú tí ò ní dán, kí irin táyà rẹ̀ sì pupa. Mo wò ó títí. Mọ́tò ọlọ́jọ́ pípẹ́ tó ti ń sùn lábẹ́ tapólì lẹ́yìn ilé, tí àwọn ológbò àdúgbò ti sọ di ilé ìgbẹ̀bí!

"Ṣé orí yín pé báyìí?" mo bi í.

"Orí mi pé," ó ní. "Tíì mi dà?"

Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Aránṣọ ni. Kóòtù àti ṣòkòtò ló fi gbogbo ayé rẹ̀ rán, ẹnu rẹ̀ sì ti mọ́ dídi abẹ́rẹ́ mú débi pé tó bá sọ gbólóhùn méjì léra, ó ti rẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n èmi mọ ohun tó ń ṣe é. Èmi tí mò ń bá a gbé, tí mi ò bá mọ̀, ta ló máa mọ̀?

A bí ọmọkùnrin kan. Òun nìkan la bí. Láti kékeré ni ọ̀rọ̀ mọ́tò ti wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀. Àga iwájú mọ́tò yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀, àga tirẹ̀ ni. Èmi ìyá rẹ̀, ẹ̀yìn ni mo máa ń wà bí èrò tó wọkọ̀ ọlọ́kọ̀. Nígbà tó bàlágà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ bàbá rẹ̀ pé kí àwọn jọ fa mọ́tò náà wálẹ̀, kí àwọn sọ ọ́ di irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ayé àtijọ́ máa ń tún ṣe láti fi sáré, tí gbogbo ènìyàn á dúró wò tó bá ń kọjá. Bàbá kọ̀. Ọmọ bẹ̀ títí, bàbá kọ̀ jálẹ̀. Ni ọmọ bá dúró kí bàbá lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó gbé ayùn irin, ó sì gé sípíríǹgì iwájú fúnra rẹ̀. Kò wọn nǹkan kan, ojú ló fi bù ú. Nígbà tí bàbá máa fi dé, mọ́tò ti fì sápá kan bí ẹni tó ń tòògbé lórí àga.

Ọ̀rọ̀ tí ọkọ mi sọ ní títì lọ́jọ́ náà, níwájú gbogbo aládùúgbò, mi ò ní tún un sọ. Ẹyin lohùn, àgàgà ohùn ẹni tí kì í sọ̀rọ̀. Ọmọ kó ẹrù rẹ̀, ó lọ sí ìlú tó jìnnà, kò sì fẹsẹ̀ tẹ ilé yìí mọ́. Wọ́n ní tá a bá fọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ká fọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọkọ mi ní tirẹ̀, ọwọ́ méjèèjì ló fi tì í.

Èmi àti ọmọ mi ò yé sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan ò ní kọjá kó má pè mí. Tí fóònù bá ti dún báyìí, ọkọ mi á dìde, á ní òun fẹ́ lọ wo nǹkan ní kíṣìnì. Kí ló fẹ́ wò ní kíṣìnì? Ọkùnrin tí ò mọ ibi tí iyọ̀ wà! Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló máa ń dúró sí, màá sì máa rí orí bàtà rẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn. Èmi náà á wá gbóhùn sókè: "O ní o ti jẹun? O ní iṣẹ́ ń lọ dáadáa?" kí ẹni tó ń jí ọ̀rọ̀ gbọ́ lè gbọ́ ọ délẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá ní kí n gbé fóònù fún bàbá rẹ̀, ohun kan náà lọmọ máa ń sọ. "Màmá, bí ẹ bá gbé e fún wọn, màá gé ìpè yìí ni."

Ìdí nìyẹn tí inú fi bí mi sí ọ̀rọ̀ mọ́tò yìí. Nígbà tí ọmọ ń bẹ̀bẹ̀, kò ṣe é. Ọmọ lọ tán, ó wá ń bá irin làjà. Mo búra pé mi ò ní wọ̀ ọ́ láéláé.

Mẹkáníkì tó gba iṣẹ́ náà, Wọ̀nónwò la máa ń pè é, torí "ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n wò" ni ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́. Ọkùnrin pẹ̀lẹ́ kan ni, ó sanra, òógùn kì í gbẹ lọ́rùn rẹ̀. Búréèkì ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní mọ́tò tó bá máa sáré gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń dúró. Ó yọ bọ́ńpà, ó tú gbogbo irin dídán ara rẹ̀ kúrò, ó fi iná jó irin dí ihò wọn, ó sì ha á títí ara rẹ̀ fi jọ̀lọ̀. Ojoojúmọ́ ni ọkọ mi ń lọ jókòó sórí ògbólógbòó táyà níbẹ̀, tó ń wò ó. Òun fúnra rẹ̀ ló rán awọ àga inú rẹ̀, ọwọ́ ló fi ń wá ojú rírán torí ojú ò gbé e mọ́. Nígbà tó ku sípíríǹgì, ó wá bá mi nílé.

"Wọ̀nónwò ní kó o wá."

"Kí n wá ṣe kí ni? Mo ti búra."

"Ó ní ẹni tó máa gun ún gbọ́dọ̀ jókòó sínú ẹ̀ kóun tó gé nǹkan kan."

Mo lọ. Mo fẹ́ lọ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ ni, kí n má parọ́.

Bí mo ṣe débẹ̀, mo bá òṣùwọ̀n irin ńlá kan nílẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń wọn àpò ẹrù. Wọ̀nónwò dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gorí irin yìí."

"Èmi kọ́ o! Ìwọ̀n mi kì í ṣe ọ̀rọ̀ gbangba."

"Màmá, ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi."

Mo gun ún. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó, ó ní, "Háà."

"Háà kí ni?"

"Kò sí nǹkan, Màmá. Sípíríǹgì ẹ̀yìn á gbé e."

Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí eyín ọkùnrin yẹn kẹ́yìn, mi ò tiẹ̀ rántí bínú mọ́.

Wọ̀nónwò ṣàlàyé fún mi pé sípíríǹgì tí wọ́n bá gé kì í hù padà. Tóun bá gé e fún awakọ̀ nìkan, lọ́jọ́ tí èrò bá kún inú rẹ̀, irin tó bo táyà lórí á máa ha á títí táyà á fi bẹ́ lójú ọ̀nà. Ó ní ìyẹn lòun fi máa ń fẹ́ kí oníkálùkù jókòó sáàyè rẹ̀, kóun wá wọn àlàfo tó kù lókè táyà, kóun tó mọ ibi tí ayùn máa bá.

Ọkọ mi náà gun òṣùwọ̀n, ó sì lọ jókòó sídìí sítíárìn. Mo ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn, mo wọlé tìbínútìbínú. Ìgbà yẹn ni mo tó rí i. Àpò iyanrìn kan wà lórí àga iwájú. Wọ́n so ó lọ́rùn, wọ́n sì fi okùn dè é mọ́ àga kó má ṣubú.

Wọ̀nónwò yọjú láti ojú fèrèsé. "Bàbá, kí lèyí?"

"Iyanrìn ni."

"Mo rí i pé iyanrìn ni. Ta ló dúró fún?"

Ọkọ mi tẹjú mọ́ iwájú bí ẹni tó ń wakọ̀ nínú òjò. Àga ọmọ mi ni! Mo na ọwọ́ síwájú, mo fọwọ́ kan àpò náà. Ó kéré.

"Báwo lẹ ṣe mọ iye tẹ́ ẹ máa bù sínú ẹ̀?" mo bi í.

"Èmi ni mò ń wọ̀n ọ́n láti kékeré," ó ní. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á: èjìká, àyà, ìbàdí, gígùn apá, gígùn ẹsẹ̀. Kò wo ibì kankan, orí ló ti ń mú un jáde. Aṣọ tó rán kẹ́yìn fún ọmọ náà ló ń kà. Láti ara aṣọ yẹn ló ti fojú bu iyanrìn.

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. Mo ní, "Bàbá, ọmọ tó jáde nílé lẹ dì sínú àpò yìí. Ọmọ yẹn ò sí mọ́. Èyí tó wà níbẹ̀ báyìí, géńdé ọkùnrin ni. Ó ga jù yín lọ, ó fẹ̀ jù yín lọ, ó ti nírùngbọ̀n."

Ó yíjú sí mi. "Báwo ló ṣe wá wúwo tó?"

Mo mọ̀ ọ́n. Ìgbà gbogbo lọmọ máa ń ráhùn fún mi pé òun ti ń sanra jù, á sì dárúkọ iye tí wọ́n wọ̀n fún un. Ó ti dórí ahọ́n mi. Mo gbé e mì.

"Ẹ bi í fúnra yín," mo ní.

Wọ̀nónwò wò mí, ó wo ọkọ mi, ó sì rọra gbé ayùn rẹ̀ sílẹ̀. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ rán kóòtù tí mo fi gbéyàwó. Mo bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ fi ara àbúrò mi wọ̀n ọ́n torí a jọra. Ẹ ní ẹ kì í gé aṣọ láì rí ẹni tó ni ín. Ẹ má bínú, èmi náà ò lè gé èyí."

Láti ọjọ́ yẹn, ilé wa ò rójú. Ọkọ mi á jẹun, á gbórí sókè. "Ṣé ó ń rí oúnjẹ jẹ dáadáa níbẹ̀?" Màá ní, "Ẹ bi í." "Ṣé ó tó ọkùnrin tó ń ta búrẹ́dì nígun títì yẹn?" "Ẹ bi í." Ọjọ́ kan ni mo bá a ní yàrá tó gbé téèpù aránṣọ lé fọ́tò ọmọ náà nínú fóònù mi, tó ń wọn èjìká fọ́tò! Mo gba fóònù mi lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o."

Ẹnu mi le, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Mo mọ ọkọ mi, mo sì mọ ọmọ tí mo bí. Olóríkunkun bí olóríkunkun ni. Tí bàbá bá fi lè pè, tọ́mọ sì gé ìpè mọ́ ọn létí, bàbá yẹn ò tún ní pè mọ́ títí wọ́n á fi gbé e sin. Àwọn àárọ̀ kan wà tí mo fẹ́ sọ iye yẹn fún un kí ọkàn gbogbo wa balẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á gé sípíríǹgì, mọ́tò á dára, a ó sì máa gbé iyanrìn káàkiri ìgboro. Èmi ò fẹ́ iyanrìn. Mo fẹ́ ọmọ mi nílé kí n tó kú, mi ò fẹ́ nǹkan mìíràn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó wọ bàtà rẹ̀, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Gbé fóònù ẹ," ó ní. "Ká lọ."

A dé ọ̀dọ̀ Wọ̀nónwò. Ó lọ jókòó sídìí sítíárìn, ó ti ilẹ̀kùn. "Pè é." Mo pè é, mo ṣí ohùn rẹ̀ sókè, mo sì fi fóònù sọ́wọ́ rẹ̀ láti ojú fèrèsé.

"Màmá mi," ọmọ mi ní.

"Èmi ni," ọkọ mi ní.

Wọ̀nónwò pa ẹ̀rọ tó ń lò. Mò ń retí kí ìpè gé. Kò gé. Ọkọ mi ò kí i, kò bẹ̀ ẹ́, kò sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́sí. Ohun tó sọ ni pé, "Wọ́n fẹ́ gé sípíríǹgì mọ́tò. Mi ò mọ bó o ṣe wúwo tó."

"Kí ló wá kàn yín nínú bí mo ṣe wúwo tó?"

"Àga tìẹ ló kù."

Ọmọ sọ iye náà bí ẹni ń ju òkúta: "Àádọ́rùn-ún kílò ó lé." Ó gé ìpè.

Ọkọ mi tún un sọ fún Wọ̀nónwò, ó sì jáde nínú mọ́tò. Wọ̀nónwò gbé àpò náà sórí òṣùwọ̀n, ó tú u lọ́rùn, ó mú ṣọ́bìrì. Ó bu iyanrìn sí i. Ó tún bù sí i.

"Kò tíì tó?" ọkọ mi bi í.

"Kò tíì tó, Bàbá."

Àpò kún, ó wá òmíràn, ìyẹn náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kún kó tó ní ó ti tó. Ó gbé wọn sórí àga iwájú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń mí helehele, ó gbé wọn léra títí wọ́n fi ga ju ẹ̀yìn àga lọ. Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ wọ ẹnu ilẹ̀kùn, ó na apá méjèèjì láti gbá wọn mọ́ra. Apá rẹ̀ ò ká a.

"Ó ti tó báyìí?" ó bi mí. "Ó ti dàgbà tó báyìí, tí mi ò sì sí níbẹ̀?"

Ó sunkún. Aránṣọ àgbà, níwájú ọmọ ọlọ́mọ, ó gbé orí lé àpò iyanrìn, ó sunkún sókè. Mo rò pé tírú ọjọ́ yìí bá dé, inú mi á dùn, màá ní "ṣé ẹ wá rí i báyìí?" Inú mi ò dùn rárá. Mo fọwọ́ ra á lẹ́yìn, egungun ni ọwọ́ mi ń bá lábẹ́ ẹ̀wù.

Fóònù dún lórí àga awakọ̀, mo gbé e. Ọmọ mi ni.

"Màmá, ṣé wọ́n wọn Bàbá náà?"

"Wọ́n wọ̀n wọ́n."

"Kílò mélòó?"

Mo wo ọkọ mi. Mi ò fi pamọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Mo ní, "Àádọ́ta ó lé díẹ̀."

"Bàbá? Bàbá tèmi yìí?"

"Bàbá tìẹ. Okùn ni wọ́n fi ń so ṣòkòtò mọ́dìí."

Mo gbọ́ tó fa imú. Ohùn tó fi sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ohùn ọmọdé ni. "Màmá, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má tíì gé nǹkan kan. Mò ń bọ̀ wá jókòó síbẹ̀ fúnra mi."

"Sọ fún wọn fúnra ẹ," mo ní, mo sì gbé fóònù fún bàbá rẹ̀.