Wáyà Méjì Ti Tó

"Ẹ tún un wò dáadáa, Bàbá," ni ọ̀gá wí. "Nọ́ọ̀sì ní àyà ọmọ ọwọ́ kan ń sáré kíkankíkan, àmọ́ nọ́ńbà ìlù ọkàn ti tẹ́lẹ̀ ló ṣì wà lójú ẹ̀rọ wa. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ó fọwọ́ kan ọmọ náà láyà. Ẹ̀rọ karùn-ún tí wọ́n máa dá padà nìyí."

Ọdún kọkàndínlógún rèé tí Bàbá ti ń jó wáyà mọ́ bọ́ọ̀dù inú ẹ̀rọ níbi iṣẹ́ náà. Ó gbé bọ́ọ̀dù ọ̀hún sún mọ́ imú. "Ó jọ pé ojú mi ni, ọ̀gá. Bóyá ibì kan wà tí mo jó tí kò mú."

Nídìí tábìlì kejì, Injíníà tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà tí kò fi ṣe nǹkan kan. Òun ló ya bọ́ọ̀dù náà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀, Bàbá ti sọ fún un pé kó lo ojú ẹ̀rọ oníwáyà mẹ́jọ, èyí tí ń gba iṣẹ́ wọlé pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Injíníà bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ayé ti kọjá ìyẹn. Wáyà méjì ti tó." Ìwé tó kà ló ń gùn ún lọ́jọ́ yẹn.

Wáyà méjì kò burú, àmọ́ ṣe ni iṣẹ́ ń tò gba inú wọn kọjá níkọ̀ọ̀kan. Injíníà tún wá so ohun tó ń ka ìlù ọkàn mọ́ wáyà méjì kan náà. Bí ojú ẹ̀rọ bá ń ya ìlà rẹ̀ lọ́wọ́, nọ́ńbà tuntun á dúró de àyè. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ àkọ́kọ́ padà dé, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ló ti mọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti fọ́nnu fún ọ̀gá pé bọ́ọ̀dù òun pé pérépéré, ojú sì ń tì í láti sọ pé òun fẹ́ tún un yà.

"Bàbá, ẹ má bínú," ni ọ̀gá wí. "Láti ọjọ́ Ajé, ẹ máa sinmi. A máa wá ẹni tí ojú ẹ̀ ṣì ríran." Ó wọ ọ́fíìsì rẹ̀ lọ.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í fi àkísà nu irin ìjówáyà rẹ̀. Injíníà ò lè wò ó mọ́. Ẹ̀rí ọkàn ń jẹ ẹ́ bí ọgbẹ́.

"Bàbá, kì í ṣe ojú yín." Ó kúnlẹ̀, ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún un.

Bàbá jókòó. 

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí ìyàwó mi ti ń dì mí lọ́wọ́ mú sọdá títì," ó wí. "Mo sọ fún un pé ojú mi ti ń lọ. O sì ń rí wa láràárọ̀."

"Mo ń rí yín, Bàbá."

"O tún ń kí wa."

Omi bọ́ lójú Injíníà. Ó ní kí Bàbá jọ̀ọ́, kó dárí ji òun.

"Dìde. Ọ̀gá ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ, kì í ṣe èmi."

Injíníà dìde, ó lọ sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Ọ̀gá wà lórí fóònù, ó ń bi ẹnì kan léèrè ẹni tó mọ wáyà jó.

"Ọ̀gá, ẹ má wá ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo ba bọ́ọ̀dù yẹn jẹ́."

Ọ̀gá gbé fóònù kúrò létí. "Ìgbà wo lo mọ̀?"

Injíníà lè purọ́ pé àná ni.

"Láti ọjọ́ tí ẹ̀rọ àkọ́kọ́ ti padà dé, mà."