Agé Ejìnrìn

Àbùkù rẹ̀ dà? Ó ní láti wà. Agé tíì tí ọwọ́ ènìyàn mọ kì í wà láìní àbùkù, àfi... àfi kí n má tíì wò ó dáadáa.

Mo tún gbé e sí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé. Ejìnrìn ni Xiuping, ìyàwó ọmọ mi, fi amọ̀ mọ, èyí tó pọ́n tó ti sán lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí kóró pupa ń yọjú níbẹ̀. Ìtàkùn rẹ̀ ló ká bọ̀ tó di ọwọ́ agé. Ewé gbígbẹ ni ìdérí — ewé yẹn! Kòkòrò ti jẹ ẹ́ létí. Ta ló kọ́ ọ ní ewé mímọ? Èmi ni. Ṣùgbọ́n mi ò kọ́ ọ ní ti kòkòrò.

Mo ti bu omi sí i, mo ń dà á. Mo tẹ ìka mọ́ ihò orí ìdérí, omi dá. Mo ká ìka kúrò, ó dà, kò kán tòò sílẹ̀ nígbà tó dúró. Mo dojú rẹ̀ dé, ìdérí ò já. Bóyá ó wúwo? Rárá... ó fúyẹ́. Agé olórí burúkú.

Xiuping dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ pọ̀, ó tẹjú mọ́lẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe é nílé amọ̀ wa ní Dingshu nìyí: agé tí ọmọṣẹ́ bá kọ́kọ́ dá mọ lórúkọ ara rẹ̀, bí ọ̀gá bá mu tíì nínú rẹ̀, ọmọṣẹ́ di ọ̀gá, ó lè gbẹ́ òǹtẹ̀ tirẹ̀ tí yóò máa tẹ̀ sídìí agé. Bí ọ̀gá bá fi òòlù fọ́ ọ, ó padà sídìí amọ̀, sábẹ́ òǹtẹ̀ tèmi.

Òǹtẹ̀ tèmi... Ta ló fi ọwọ́ mọ àwọn agé tí àwọn oníbàárà Suzhou ń yìn? "Ìyá Àgbà, ọwọ́ yín ò mà tíì darúgbó!" Mo rẹ́rìn-ín sí wọn, èmi tí mi ò lè gbé ife kó má dà. Xiuping tó mọ wọ́n ló ń bu tíì fún wọn.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mu tíì yẹn lónìí." Ọmọ mi nìyẹn, láàárọ̀. Ọmọ tí mo bí! Ọmú mi ti tán lẹ́nu rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ló ń gbè lẹ́yìn.

Kí ló burú nínú fífọ́? Ọmọ tí wọ́n gbé pọ̀n ò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Wọ́n fọ́ tèmi náà. Baba Shao ọ̀gá mi fọ́ ọ lójú mi, mo forí balẹ̀, mo dúpẹ́. Ó ní, "Lọ wá àbùkù rẹ̀ fúnra rẹ." Mo ṣa àpáàdì. Mo ń wá a títí dòní, mo sì ń sọ fún gbogbo ayé pé òòlù baba yẹn ló sọ mí di ènìyàn. Ojú rẹ̀ lọ́jọ́ náà... kò wò mí. Ó ń yí agé náà, ó ń yí i. Ó tẹ ìka mọ́ ihò. Ó dojú rẹ̀ dé. Ó tún bẹ̀rẹ̀ —

Áà.

Kò sí àbùkù kankan lára tèmi.

Ìlara ni. Baba arúgbó yẹn ń bẹ̀rù mi. Ó dùn mí. Mo ti mọ̀ báyìí, òòlù sì ti wà lọ́wọ́ mi, ohun kan ṣoṣo tí mo ń rò ni ọ̀rọ̀ tí màá fi dá a lóhùn nígbà tí Xiuping bá forí balẹ̀ dúpẹ́ tán.