Ewúro Tí Kò Korò

Ahọ́n ni Hàjàrá fi ń díwọ̀n àgbo. Ó ti lé lógún ọdún tó ti ń ta ewé àti egbò l'Ókè-Ogbo n'Ífẹ̀, kò sì ní òṣùwọ̀n kankan. Á tọ́ ọ wò, bó bá ti korò débi tí ojú rẹ̀ fún pọ̀, ó ti tó nìyẹn. Ta ló fẹ́ bá alágbo jiyàn àgbo?

Nígbà tí kòrónà gbòde, tí bàbá rẹ̀, Ààfáà Abdulsalam, bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, Hàjàrá ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbo ewúro, ó da omi dóńgóyárò mọ́ ọn. Bàbá mu ún, ó ní, "Hàjàrá, omi lásán lo gbé fún mi yìí. Kò korò rárá."

Hàjàrá náà tọ́ ọ wò. Lóòótọ́, kò korò. Ó ní ewúro òjò ni, kò lágbára. Ó já ewé kún un. Lọ́jọ́ kejì, ó tún fi kún un; lọ́jọ́ kẹta, bẹ́ẹ̀ náà ni. Bàbá kò jẹun, ó ní bí iyẹ̀pẹ̀ ni gbogbo oúnjẹ ń rí lẹ́nu òun. Ṣùgbọ́n kò fi oògùn ìtọ̀ ṣúgà rẹ̀ ṣeré, àràárọ̀ ló ń lò ó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, Hàjàrá bá a tí òógùn bò ó, tó ń gbọ̀n.

"Bàbá! Ẹ dá mi lóhùn o!"

Ojú Bàbá là sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò dá a mọ̀. Hàjàrá pe Adéṣọlá lórí fóònù, nọ́ọ̀sì tó ń gbé ní àdúgbò Mayfair, tó máa ń wá wo Bàbá.

Adéṣọlá dé tòun ti ìbòmú. "Kí ni Bàbá lò?"

"Oògùn ṣúgà wọn nìkan ni."

Ẹ má bá a wí. Níwájú nọ́ọ̀sì, kò sẹ́ni tó ń mu àgbo n'Ífẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ilé wo ni ìkòkò àgbo ò sí? Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Ti Hàjàrá kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún.

Adéṣọlá gún ìka Bàbá, ó wo ẹ̀rọ kékeré ọwọ́ rẹ̀. "Ṣúgà ara wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Àǹtí, bí mi ò bá mọ ohun tí wọ́n mu, mo lè gbé ṣúgà náà sókè tán, kí n lọ, kó tún já wálẹ̀, wọn ò sì ní jí mọ́."

Ìtìjú di Hàjàrá lẹ́nu, àmọ́ ẹ̀rù ikú bàbá rẹ̀ ju ìtìjú lọ. "Ewúro ni. Èmi ni mo gbo ó. Ìgò mẹ́ta lójúmọ́."

"Ìgò mẹ́ta! Láìjẹun, lórí oògùn ṣúgà! Ewúro náà ń já ṣúgà wálẹ̀!" Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ló ń fa omi ṣúgà sí iṣan ọwọ́ Bàbá. "Ṣé ẹ ò rí i pé ó ti pọ̀ jù ni?"

"Kò korò ni. Mo tọ́ ọ wò."

Adéṣọlá gbé ìgò náà sókè. Àgbo inú rẹ̀ ki, ó dúdú bí aró. "Àǹtí, kòrónà máa ń gba òórùn nímú, ó ń gba adùn àti ìkorò lẹ́nu. Ìgbà wo lẹ gbóòórùn nǹkan kẹ́yìn?"

Hàjàrá gbé aáyù sí imú, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó jẹ ẹ́ lẹ́nu, bí ẹní jẹ bébà. Ó wá rántí pé láti ọjọ́ Jímọ̀ ni ọbẹ̀ òun ti ń tẹ́. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ wúkọ́.

Nígbà tó yá, Bàbá jí, ó bèèrè ọmọ rẹ̀. Hàjàrá sáré, ṣùgbọ́n Adéṣọlá na ọwọ́ dí ẹnu ọ̀nà. "Ẹ má wọlé. Èmi ni màá máa fún wọn lóúnjẹ."

"Hàjàrá dà?" Bàbá tún pè látinú yàrá. "Àbí ó ti lọ já ewé fún mi?"

Hàjàrá jókòó sílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó fi ìborùn di ẹnu, ó ń sunkún. "Mo wà níbí, Bàbá," ló wí. "Mi ò gbọdọ̀ súnmọ́ yín ni."