Ọ̀wẹ̀ Tí Mi Ò Bẹ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún mi pé ọmọ yunifásítì kan fẹ́ wá ṣe ìrànlọ́wọ́ ládùúgbò mi, màá ti ilẹ̀kùn, màá sì jókòó lé kọ́kọ́rọ́ náà. Àwọn tó mọ̀ mí ní Mushin lè ní mi ò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo lawọ́ nígbà náà, ìlawọ́ ọ̀hún ló sì lé mi kúrò nílé.

Aránṣọ ni mí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí mi sí, ọkọ mi ló mú mi wá sí Èkó, ibẹ̀ náà ló sì kú sí kí ogun abẹ́lé tó parí. Yàrá kan tó kọjú sí títì ní Òpópó Ọláṣùpọ̀ ni mo háyà lọ́wọ́ Bàbá Sùnmọ́nù, onílé wa. Inú rẹ̀ ni mò ń sùn, iwájú rẹ̀ ni mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ sí. Gbogbo oníbàárà tí mo ní láyé, ibẹ̀ ni wọ́n mọ̀ mí sí. Bí mo bá pàdánù yàrá yẹn, oúnjẹ mi ni mo pàdánù.

Omi ni ìyà òpópó wa. Bí òjò bá ti rọ̀, omi á tàn ká ojú títì, á bo ọrùn ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní dá ya wọ ilé ẹnì kan. Gbogbo wa la jọ ń jẹ nínú ìyà náà níwọ̀nba, ó sì ti mọ́ wa lára. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kan, kò tíì pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ná náírà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá wa láti ọ̀nà Yábà ní Sátidé Sátidé. Wọ́n gbé ṣọ́bìrì àti dígà dání, wọ́n dé fìlà funfun kan náà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ gbẹ́ gọ́tà fún wa láti òkè òpópó títí dé odò ìdọ̀tí tó wà nísàlẹ̀, pé ọ̀fẹ́ ni, pé ètò tí àwọn fi ń sin ará ìlú ni. Ọlábọ̀dé ni aṣáájú wọn, ọmọ tíṣà kan ní Sùúrùlérè, ọmọ gíga tí ẹnu rẹ̀ dùn. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ti ń pè mí ní Mọ́mì.

Àwọn ará òpópó wa ńkọ́? Wọ́n dúró lójú wíńdò, wọ́n ń wòran. Kò sí ẹni tó fún àwọn ọmọ náà ní omi mu. Oòrùn ń pa ọmọ ọlọ́mọ, ìyàwó onílé ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara rẹ̀ lórí bàkóní, ó ń sọ pé kí wọ́n gbẹ́ ẹ jìn dáadáa. Mi ò lè fara mọ́ ọn. Nílé wa, bí ènìyàn bá di ọkọ́ mú níwájú ilé rẹ, tó o jẹ́ kó fi ebi lọ, ìtìjú yẹn kò ní dúró lára tìẹ nìkan, á kan ìyá tó bí ọ. Mo gbé odó síta, mo sì gúnyán fún wọn. Sátidé kejì, mo tún gún un. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di àṣà, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti gbọ́ odó mi, wọ́n á ju ṣọ́bìrì sílẹ̀, wọ́n á máa sáré bọ̀.

Oyèníran, tó ń tún rédíò ṣe ní ìsọ̀ tó wà ní òdìkejì mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni òun náà. Lọ́jọ́ kan ó yọjú láti ìsọ̀ rẹ̀, ó ní, "Àṣàkẹ́, ọ̀wẹ̀ rẹ mà kún o!"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá bá wa jẹ."

Ó wá, ó sì jẹ. Ẹ̀fẹ̀ ni mo pè é. Ta ni kò mọ̀ pé ẹni tó bá bẹ ọ̀wẹ̀ ló ń gúnyán fún àwọn tó wá bá a ṣiṣẹ́? Òun náà ló ni iṣẹ́. Ibi tí àwọn ọlọ́wẹ̀ bá bá a dé, òun ni yóò parí ìyókù. Àmọ́ oko ni wọ́n ń bẹ ọ̀wẹ̀ sí, ta ló ń bẹ ọ̀wẹ̀ gọ́tà ní Mushin?

Iwájú ìsọ̀ Oyèníran gan-an ni gọ́tà dé tí ìdánwò fi wọlé dé. Ọlábọ̀dé ní tí àwọn bá ti ṣe ìdánwò tán, àwọn á padà wá parí rẹ̀. Wọ́n ya fọ́tò, wọ́n kó ṣọ́bìrì wọn, wọ́n lọ. Ìdánwò parí, a ò rí wọn. Òjò ló dé.

Omi tó máa ń tàn ká tẹ́lẹ̀ wá rí ojú ọ̀nà. Ó kó ara jọ sínú gọ́tà, ó ń sáré bọ̀ láti òkè, nígbà tó dé ibi tí gọ́tà ti kú, ó yà sí ìsọ̀ Oyèníran. Kí Oyèníran tó dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, rédíò àwọn oníbàárà ti mu ẹrẹ̀ yó. Gíráàmù tí ọkùnrin kan gbé wá láti Ìdó, tó fẹ́ fi lu àwo orin níbi ìsìnkú bàbá rẹ̀, inú omi ni wọ́n ti fà á yọ.

Oyèníran kò lọ sí yunifásítì. Ọ̀dọ̀ mi ló wá.

"Àṣàkẹ́, iṣẹ́ rẹ ti ba tèmi jẹ́."

"Iṣẹ́ mi bíi ti báwo, Ẹ̀gbọ́n?"

"Ta ló gúnyán fún wọn? Ṣé èmi ni?"

"Ṣebí ẹ jẹ níbẹ̀!"

"Mo jẹ iyán ọlọ́wẹ̀. Ìwọ lo bẹ ọ̀wẹ̀."

Mo rò pé àwọn àgbà yóò fi í rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n pe ọ̀rọ̀ náà jọ ní pálọ̀ Bàbá Sùnmọ́nù, ọ̀kan kò rẹ́rìn-ín. Gbogbo àwọn tó ń wòran lójú wíńdò ló wá di ẹlẹ́rìí. Wọ́n ní àwọn gbọ́ odó. Wọ́n ní àwọn rí i bí àwọn ọmọ náà ṣe ń kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ìyàwó onílé ní òun ti fura tipẹ́ pé obìnrin kì í lawọ́ tó bẹ́ẹ̀ yẹn lásán. Inú bí mi. Ẹ̀yin tí ẹ ò fún ọmọ ènìyàn lómi, ẹ̀yin lẹ mọ ẹni tó jẹ̀bi!

Bàbá Sùnmọ́nù ní, "Bí kì í bá ṣe ìwọ lo pè wọ́n, mú wọn wá kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ ọ́. Bí ìwọ bá ni, tún ti Oyèníran ṣe, kó o sì parí gọ́tà rẹ. Bí o kò bá lè ṣe é, wá ilé mìíràn."

Níbo ni aránṣọ opó ti fẹ́ rí owó tí yóò fi tún ti Oyèníran ṣe? Gbólóhùn kan ṣoṣo láti ẹnu Ọlábọ̀dé ló lè gbà mí. Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí yunifásítì wọn. Mo bá a lábẹ́ igi pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, inú rẹ̀ dùn láti rí mi. "Ẹ wo Mọ́mì wa tó ń gúnyán!" Àmọ́ nígbà tí mo ro ẹjọ́ mi, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Mọ́mì, wàhálà kékeré kan wà níbẹ̀. Òfin ètò wa ni pé a kì í lọ síbi tí ará àdúgbò ò bá ti pè wá."

"Ta ló wá pè yín?"

Ó họ orí. "Kò sẹ́ni tó pè wá. Èmi ni mo mú òpópó yín, torí ó sún mọ́ ibi tí bọ́ọ̀sì wa ti ń já wa sílẹ̀. Mo kàn sọ fún ọ̀gá olùkọ́ wa pé wọ́n pè wá ni. Wọ́n sì fẹ́ rán mi lọ sí London nítorí iṣẹ́ yẹn."

"Ọmọ mi, wọ́n fẹ́ lé mi nílé."

Ojú rẹ̀ rọ̀. Mo rí i, kì í ṣe pé ó ń ṣe ojú ayé. Ó fi ìyá rẹ̀ búra. "Ẹ má wọ́rì, Mọ́mì. Màá wá ní Sunday. Màá sọ pé ẹsẹ̀ ara wa la fi wá."

Ó wá lóòótọ́. Ọkọ̀ Volkswagen ìjàpá kan ló gbé e wá, ọ̀gá olùkọ́ wọn ló sì wà á, pé òun náà fẹ́ fojú ara òun rí àdúgbò tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ ribiribi. Inú mi dùn, ẹ bá mi gbọ́. Mo ní ẹlẹ́rìí mi ti di méjì.

Gbogbo wọn jókòó sí pálọ̀. Bàbá Sùnmọ́nù bi Ọlábọ̀dé pé, "Ọmọ, ta ló pè yín wá sí òpópó yìí?"

Ọmọ náà wo ọ̀gá rẹ̀. Ó wò mí. Ó wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú mi, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀.

"Mọ́mì ni, sà. Mọ́mì ló pè wá. Ọlọ́run á dá wọn sí fún wa."

Ọ̀gá olùkọ́ wọn mi orí sókè sódò, ó ní irú obìnrin bí èmi ni orílẹ̀-èdè yìí ń wá. Oyèníran mí kanlẹ̀. Gbogbo pálọ̀ wá yíjú sí mi, nítorí ọmọ náà ṣì wà nílẹ̀, èmi tó dọ̀bálẹ̀ fún ni mo gbọ́dọ̀ súre fún un kí n sì ní kó dìde. Mo ń wo ẹ̀yìn orí rẹ̀. Ó ti gé irun rẹ̀ nítorí ìrìnàjò.

"Àṣàkẹ́," Bàbá Sùnmọ́nù ní, "gbé ọmọ dìde."

Mo ní, "Kó máa sùn síbẹ̀."

Mo fò ó kọjá, mo lọ tú ẹ̀rọ mi kúrò lórí tábìlì. Wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn náà pé àwọn àgbà ti fẹ́ bá mi bẹ Oyèníran nítorí ọ̀gá olùkọ́ tó yìn mí. Ṣùgbọ́n Bàbá Sùnmọ́nù ní òun lè gba obìnrin tó ba ìsọ̀ ẹlòmíràn jẹ́ láyè nínú ilé òun, òun ò lè gba èyí tí kò lójú àánú sí ọmọ ọlọ́mọ.